Ojú Ta Ló Rí I Báyìí?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà ni "gan-an".

Àwòrán kan ni mo gbé sí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp mi, mo sì tún gbé e sí Facebook, níbi tí mo ti máa ń pín irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń tẹ̀lé mi. Àwòrán Àwọn Òpó Ìṣẹ̀dá, tí òyìnbó ń pè ní Pillars of Creation, ni, èyí tí wọ́n fi Webb, awò ńlá tí wọ́n gbé lọ sójú ọ̀run láti máa wo ìràwọ̀, yà, tí wọ́n sì gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Òpó eruku mẹ́ta tó ga fíofío, tó ṣe bí àpáta, tó tún ṣe bí èéfín, ìràwọ̀ sì pọ̀ lẹ́yìn wọn bí iyanrìn etí òkun. Àwọn òpó náà pọ́n bí epo. Ojú ọ̀run ẹ̀yìn wọn dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo bí ojú ọ̀run ṣe rí gan-an."

Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Àwọn kan ní Ọlọ́run tóbi. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan gbé e sí sítátọ́ọ̀sì tirẹ̀. Inú mi dùn, nítorí tíṣà físíìsì ni mí n'Íbàdàn, kò sì wọ́pọ̀ kí èèyàn kọ́ ẹnikẹ́ni ní físíìsì kí wọ́n máa dúpẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ohùn kan wọlé láti Ìgbòho. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ọdẹ ni wọ́n, Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Wọn kì í tẹ lẹ́tà lórí fóònù, ohùn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Wọ́n kí mi, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n wá ní:

"Tíṣà, mo rí òpó tó o gbé síbẹ̀. Ó wù mí. Ṣùgbọ́n ojú ta ló rí i báyìí?"

N kò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. N kò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí mo mọ̀ tí n kò sọ

Ohun tó ń dùn mí ni pé mo mọ ìdáhùn. Kò sí ojú ẹ̀dá kankan tó rí i báyìí. Ìmọ́lẹ̀ àwọn òpó yẹn á rìn fún nǹkan bí 6,500 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ń sáré 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní a tilẹ̀ lè gbé èèyàn lọ sí ẹ̀bá wọn, kò ní rí pupa yìí, kò sì ní rí aró yìí. Bóyá ni yóò rí ju ìkùukùu tó ń ṣe bàìbàì lọ.

Awò Webb kì í ya àwòrán aláwọ̀. Ohun tó ń rán wálé kò ju dúdú àti funfun lọ, pẹ̀lú eérú tó wà láàárín méjèèjì: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ á funfun, ibi tí kò sí á ṣú. Wọ́n á fi asẹ́ kan bo ojú rẹ̀ kí irú ìgbì ìmọ́lẹ̀ kan péré lè kọjá, wọ́n á yà á. Wọ́n á yọ asẹ́ yẹn, wọ́n á fi òmíràn sí i, wọ́n á tún un yà. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ á dé ọwọ́ àwọn aláró. Ní ilé iṣẹ́ Space Telescope Science Institute tó wà ní Baltimore ni wọ́n ti pa àwòrán tiwa yìí láró, Joseph DePasquale àti Alyssa Pagan sì wà lára àwọn tó ṣe é.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ayédèrú ni. Òfin ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Nínú òṣùmàrè, pupa ni ìgbì rẹ̀ gùn jù. Bí a ṣe ń lọ sápá ibi tí àwọ̀ aró wà ni ìgbì ń kúrú. Wọ́n mú àwọn ìgbì tí ojú wa kò lè rí, wọ́n tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ kan náà. Èyí tó gùn jù gba pupa, èyí tó kúrú jù gba aró, àwọn tó kù pín àárín. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń kọrin ní ohùn tó nípọn ju èyí tí etí lè gbọ́, tí wọ́n wá gbé orin náà sókè títí ó fi bọ́ sí etí wa. Ibi tí orin ti gòkè ṣì ń gòkè, ibi tó ti sọ̀ ṣì ń sọ̀. Orin yẹn náà ni.

Gbogbo àlàyé yìí ni wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán níbi tí mo ti mú un. Èmi ni mo gé e kúrò. Mo ní ó ti gùn jù, mo ní àwọn èèyàn kò ní kà á. Mo wá fi "gan-an" dí ojú ihò tó ṣẹ́ kù.

Òpó kan, ìrísí mẹ́ta

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòrán àwọn òpó yìí jọ sórí kọ̀ǹpútà mi, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Èyí tí ayé kọ́kọ́ mọ̀ ni ti Hubble, awò ojú ọ̀run tó ṣáájú Webb, ti ọdún 1995. Níbẹ̀, òpó nípọn, ó ṣú, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò hàn síta. Wọ́n fún sọ́fọ̀ ní pupa, wọ́n fún háídírójìn ní àwọ̀ ewé, wọ́n fún ọ́síjìn ní aró. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n gbà láti ara sọ́fọ̀ àti èyí tí wọ́n gbà láti ara háídírójìn, pupa ni méjèèjì. Bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún ọ̀kan ní àwọ̀ ewé. Àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n fún un, àwọ̀ yẹn ló sì jẹ́ kí a mọ òtítọ́ nípa ibi tó wà.

Èkejì ni ti Webb tí mo pín. Ìmọ́lẹ̀ tí awò yìí ń gbà lè gba inú eruku kọjá, ni òpó tó ṣú bí ògiri lójú Hubble bá di aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ní etí òpó, àwọn ìràwọ̀ kan ń tàn bí ẹyin iná. Ìkókó ni wọ́n: wọ́n ní àwọn kan nínú wọn kò ju ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan lọ, bẹ́ẹ̀ oòrùn tiwa ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún.

Ẹ̀kẹta ló yà mí lẹ́nu jù. Kámẹ́rà mìíràn lára awò Webb yìí náà ló yà á, wọ́n sì gbé e jáde kí oṣù Kẹwàá yẹn tó parí. Kámẹ́rà yìí ń gba ìgbì tó tún gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìràwọ̀ ti pòórá. Eruku ti padà wá, ó dúró gbagidi, ó rí bí ohun tí èèyàn ń rí nínú àlá. Awò kan náà, òpó kan náà, ìrísí wọn kò sì jọra rárá.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, bí ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó rán ẹlòmíràn níṣẹ́ tí kò lọ fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe ń wo àwòrán mẹ́ta yẹn, mo rí i pé èmi ni mo rán àwọn èèyàn mi lọ síbẹ̀, tí n kò sọ ojú ẹni tí mo yá wọn.

Erè kì í tan tọ́ọ̀ṣì

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo lọ sí Ìgbòho. Mo ti múra àlàyé mi sílẹ̀. Lẹ́yìn tí mo jẹun tán, mo fa ìwé àti bírò yọ níwájú Bàbá. Mo ya òṣùmàrè, mo ya ìgbì gígùn, mo ya ìgbì kúkúrú. Wọ́n jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n gbọ́ mi títí.

"Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí," ni wọ́n wí, "irú ìmọ́lẹ̀ wo nìyẹn?"

Mo ní ooru ni.

"Ooru kì í ṣe ìmọ́lẹ̀, Tíṣà. Mo lè wà nínú òkùnkùn kí ara mi máa gbóná."

Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo wá rántí àgbẹ̀dẹ. "Bàbá, bí wọ́n bá ki irin bọ iná, tí wọ́n yọ ọ́, ẹ máa rí i pé ó pọ́n. Ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kó tó pọ́n, bí ẹ bá gbé ọwọ́ sún mọ́ ọn, ẹ máa mọ̀ pé ó gbóná. Ó ti ń tan nígbà yẹn, ojú wa ni kò gbà á. Gbogbo ohun tó bá ní ooru lára ló ń tan báyẹn, títí kan èmi àti ẹ̀yin."

Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n wo ìwé tí mo ya nǹkan sí, wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé, ibi tí ilẹ̀ ti ń ṣú bọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní: "Erè nìyẹn."

Mo béèrè ohun tí wọ́n wí.

"Erè ni. Erè kì í tan tọ́ọ̀ṣì."

Wọ́n ní nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì le, wọ́n ń dẹ okété lóru ọjọ́ kan tí kò sí òṣùpá. Wọ́n tan iná, wọ́n rí erè kan tó ká jọ nídìí ọ̀gán. Ó fẹ́ bọ́ awọ, ojú rẹ̀ ti funfun bí omi ìrẹsì. "Mo mọ̀ pé kò ríran. Mo ní kí n pa iná kí n mọ ohun tó máa ṣe. Mo dúró. Ó pẹ́. Mo gbọ́ tí okété ń rìn bọ̀ lórí ewé gbígbẹ. Mo gbọ́ gbì! Mo tan iná, ó ti wé mọ́ ọn. Orí ló ti mú un."

Mo ní bóyá ìró ẹsẹ̀ okété ló gbọ́. Wọ́n wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ọmọdé tó sọ ohun tó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ tó kù díẹ̀ fún.

"Ìró ẹsẹ̀ lè sọ fún un pé ẹran ń bọ̀. Ṣé ó lè sọ ibi tí orí wà fún un?" Wọ́n fi ìka kan ètè ara wọn, wọ́n fà á lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì. "Ihò wẹ́wẹ́ tó tò sí ètè rẹ̀ níbí, kí lo rò pé wọ́n wà fún?"

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní infrared, n kò fi erè ṣe àpẹẹrẹ fún wọn rí. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ni mo máa ń lò. Bẹ́ẹ̀, òótọ́ pọ́nńbélé ni ohun tí Bàbá sọ, àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò: ihò etí ètè erè ń gba ooru tó ń tan jáde lára ẹran, iṣan á gbé e lọ sínú ọpọlọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí ihò jẹ́ ti ń pàdé èyí tí ojú jẹ́. Irú ìgbì tó ń jáde lára okété lóru yẹn sì wà lára èyí tí kámẹ́rà kejì lára Webb lè gbà, èyí tó ya òpó bí ohun inú àlá.

"Èyí já sí pé ojú erè ni wọ́n fi wo òpó yẹn," ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló dé tó ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Lẹ́yìn pupa

Nígbà tí mò ń padà bọ̀ sí Ìbàdàn, mo ronú nípa William Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀ kan. Ní ọdún 1800, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá títí ó fi pín sí àwọn àwọ̀ inú òṣùmàrè lórí tábìlì. Ó fẹ́ mọ èyí tó gbóná jù nínú wọn, ó wá ń fi tòmómítà wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún gbé tòmómítà sí ẹ̀yìn pupa, níbi tí ojú rẹ̀ kò ti rí nǹkan kan. Ibẹ̀ ló gbóná jù. Bí aráyé ṣe mọ ìmọ́lẹ̀ yìí nìyẹn: ẹnì kan fi ìwọ̀n ooru wá ohun tí ojú kò rí.

Ẹ̀yìn pupa, ìparí òṣùmàrè, ibẹ̀ ni ilé ìmọ́lẹ̀ erè. Mo kàn dúró lórí ìyẹn, nítorí nínú ìtàn àwọn àgbà, ejò ńlá ni Òṣùmàrè, erè sì ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Títí di òní, àwọn ọmọ wa tó wà ní Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil ṣì ń bọ òrìṣà Òṣùmàrè bí ejò àti bí òṣùmàrè ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan náà.

N kò sọ pé àwọn baba ńlá wa ti mọ infrared kí Herschel tó mọ̀ ọ́n. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n kì í pín in, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó ń gba iṣẹ́ Herschel lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ń fojú kéré Bàbá Ọdẹ, bí ẹni pé ohun tí ọdẹ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ nínú òkùnkùn, tó sì fi iná rẹ̀ rí, kò níyì tó àyàfi bí a bá sọ ọ́ di ti òyìnbó. Erè àti Òṣùmàrè pàdé nínú ìtàn, wọ́n sì pàdé nínú físíìsì. Bí mo ṣe rí i nìyẹn, ó sì tó mi.

Ẹ̀fun tí wọ́n fi kun Máàsì

Àwòrán kan wà tí mo ti mọ̀ tipẹ́, tí n kò pín rí nítorí kò fani mọ́ra tó. Ní oṣù Keje ọdún 1965, Mariner 4, ọkọ̀ ojú ọ̀run kan tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máàsì, ayé pupa tó ń yí oòrùn po bíi tiwa, ó ya á. Nọ́ńbà ni ọkọ̀ náà ń fi àwòrán rán wálé, díẹ̀díẹ̀ báyìí, wákàtí lórí wákàtí fún ẹyọ àwòrán kan. Ara àwọn ẹnjiníà tó wà ní Pasadena ní Kalifóníà kò gbà á mọ́ láti dúró de kọ̀ǹpútà. Wọ́n tẹ àwọn nọ́ńbà náà sórí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn, wọ́n fi ẹ̀fun aláwọ̀ tí àwọn ayàwòrán ń lò kùn ún pẹ̀lú ọwọ́: nọ́ńbà báyìí, àwọ̀ báyìí. Àwòrán Máàsì àkọ́kọ́ tí wọ́n rí láti inú ọkọ̀ yẹn, ọwọ́ èèyàn ló kùn ún. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ máa rí nọ́ńbà lábẹ́ ẹ̀fun. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn. Wọn kò fi ọwọ́ tó ṣe é pa mọ́.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìgbà náà, ní 1976, ọkọ̀ mìíràn, Viking 1, balẹ̀ sórí Máàsì. Àwọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fún ojú sánmà ibẹ̀ nínú àwòrán rẹ̀ jọ ti ilé ayé wa níbí. Wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n rí i pé àṣìṣe ni, pé sánmà Máàsì pọ́n díẹ̀díẹ̀ nítorí eruku. Nígbà tí wọ́n kéde àtúnṣe náà, àwọn oníròyìn tó wà níbẹ̀ kùn hùn-ùn. Sánmà tó jọ ti ilé ni wọ́n fẹ́. Mo mọ bó ṣe rí lára wọn, nítorí bó ṣe rí lára mi náà nìyẹn nígbà tí mo kọ "gan-an".

Agboòrùn

Mo tún àwòrán náà gbé sókè. Méjì ni mo gbé sí i lọ́tẹ̀ yìí, èyí tó jẹ́ dúdú àti funfun níwájú, èyí tí wọ́n pa láró lẹ́yìn. Mo kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé: "Kò sí ojú èèyàn tó rí èyí. Awò kan tó ń rí ooru, bí erè ṣe ń rí i lóru, ló yà á ní dúdú àti funfun. Àwọn èèyàn ní Baltimore ló pa á láró: ìgbì tó gùn jù gba pupa, èyí tó kúrú jù gba aró. Lọ́jọ́ sí, mo kọ ọ́ síbí pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Mo ṣì í kọ. Ẹ má bínú."

Àwọn tó fi ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́ dín kù. Ìbéèrè ló pọ̀. Ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ ní Abẹ́òkúta béèrè bóyá wọ́n lè pa á ní àwọ̀ mìíràn kí ohun tí ó ń sọ má yí padà. Èmi pẹ̀lú ìyá yìí sọ̀rọ̀ títí di aago mọ́kànlá alẹ́, wọ́n sì kọ́ mi ní ohun kan nípa aró tí n ó kọ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ọmọ kan ní kíláàsì mi béèrè pé ṣé okété mọ̀ pé òun ń tan.

Ohùn Bàbá wọlé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

"Tíṣà, mo ti rí i. O ṣeun. Mo wá ń rò ó lóru. Ara erè tutù, ìyẹn ló jẹ́ kó lè mọ ooru ẹran. Bí ara ẹni bá ń gbóná, báwo lèèyàn ṣe máa mọ ooru tó wá láti ibòmíràn? Awò yín yẹn ńkọ́? Inú oòrùn ló wà. Ṣé ooru ara rẹ̀ kì í dí i lójú?"

Mo tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ tó dá àwọn tó kọ́ awò yẹn lágara fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá béèrè lórí ibùsùn wọn n'Ígbòho. Ó ti yẹ kí n ti máa lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo jókòó padà, mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Agboòrùn ni wọ́n ta fún un. Ìpele márùn-ún ni, ó fẹ́lẹ́ bí irun orí, ó fẹ̀ tó pápá tẹ́níìsì. Wọ́n gbé e lọ sí ibi tó jìnnà sí wa ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kìlómítà, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí oòrùn nígbà gbogbo. Lápá ibi tí oòrùn ti ń pa agboòrùn yẹn, ó gbóná débi tí èèyàn kò lè fọwọ́ kàn án. Lápá kejì, níbi tí ojú awò wà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe tutù tó fún yín..."